Ike Inú Ilé Ìdáná Ìyá Ìbejì: Èwo Ni Kó Dà Nù, Èwo Ni Kó Fi Sílẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo, ni mò ń gbé. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti oko lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń da ẹ̀kọ mímu gbígbóná sínú ike áísìkirímù fún àwọn ọmọ, ni wọ́n bá figbe ta. Wọ́n ní májèlé ni mò ń fún ọmọ-ọmọ àwọn, kí n kó gbogbo ike ilé dà sóde. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé ike ò pa ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó wá rú mi lójú ni pé nínú àwọn ike náà, òmíràn wà tó jẹ́ pé bí omi gbígbóná bá ti kàn án báyìí, á ká kò. Òmíràn ò ní mira. Ṣé ike kan náà kọ́ ni gbogbo wọn ni? Èwo ni kí n dà nù, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Èmi Ìyá Ìbejì."

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlejò o. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ ní mo ní wọ́n kú ìrìn. Wọn ò jẹ̀bi, ọkọ yín náà ò sì jẹ̀bi tán. Ọdún 19 ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike, tó ń tẹ̀ ẹ́ di bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́, kí n tó padà wálé sí Òṣogbo. Àwa tí a jọ ṣe iṣẹ́ yẹn kì í da omi gbígbóná sínú ohun tí a kò bá kọ́kọ́ yí ìdí rẹ̀ sókè wò.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é gan-an ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. "Ike" la ń pe gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pè é ní rọ́bà, bẹ́ẹ̀ oje igi ni rọ́bà gidi, èyí tó pọ̀ jù nínú ike sì jẹ́ pé inú epo rọ̀bì àti gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ike dà bí igi. Ìrókò, àràbà, ìbẹ́pẹ, igi là ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ fi ìbẹ́pẹ ṣe òpó ilé? Bí òpó náà bá sì wó, a ò ní sọ pé igi ò dára. A ó ní orí ẹni tó kọ́lé ló dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n fi kọ́ńgò gàrí ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti ra gàrí dáadáa lọ́jà Ìgbọ̀nà tàbí Ọjà Ọba á ti pàdé kọ́ńgò tí ìdí rẹ̀ yọ sókè nínú bí ìdodo ńlá. (Mi ò ní ẹnì kan lọ́kàn o.) Ẹni tó ṣe é ò lo òòlù. Ó gbé ìdí kọ́ńgò sún mọ́ iná, ó dúró títí ó fi rọ̀, ó fi ìdí ife tì í wọnú, ó sì rì í sínú omi tútù. Ó le padà, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é wá láti ilé iṣẹ́. Gàrí yín ti dín ní ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ ò sì mọ̀. Ìwà olè ni, àmọ́ ohun tó ṣe yẹn náà ni àwa ń ṣe nídìí ẹ̀rọ: a yọ́ ike, a tẹ̀ ẹ́, a fi omi tútù mú un le. Irú ike báyìí dà bí òrí, tó máa ń yọ́ lọ́sàn-án tó sì ń dì padà lálẹ́. Bí ẹ bá yọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló máa dì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì, ọ̀rá, abọ́, àga, òun ni gbogbo wọn.

Irú kejì dà bí ẹyin sísè. Ẹyin tó bá ti jinná, kò sí iná tó lè sọ ọ́ di ṣíṣàn mọ́. Ọwọ́ ìkòkò yín tó dúdú tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí kì í yọ́ bó ti wù kí sítóòfù gbóná tó, irú rẹ̀ nìyẹn. Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí àkọ́kọ́ lọ́dún 1907, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é ní Bakelite. Ó ń gba iná mọ́ra, iná mànàmáná ò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tó fi wọ inú súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àbúrò rẹ̀ ni mẹ́lámáìnì, àwọn àwo wúwo tó ń dán bíi tánganran, tí wọ́n máa ń pín lóde ìnáwó pẹ̀lú àwòrán olóde nínú rẹ̀. Ẹ lè jẹun nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sínú máíkírówéèfù láé: kò ní yọ́, ṣùgbọ́n ooru á máa tú u, ohun tí wọ́n fi ṣe é á sì máa jáde sínú oúnjẹ.

Ó yá, ẹ yí ike dé. Ẹ ó rí onígun mẹ́ta kékeré kan tí ọfà mẹ́ta so pọ̀, nọ́ńbà á wà láàárín rẹ̀, láti 1 dé 7. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988, kì í sì í ṣe nítorí oúnjẹ. Nítorí àwọn tó ń ṣa ike àlòkù ni, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n máa kó pọ̀ yọ́. Nọ́ńbà náà ò sọ pé "ẹ fi mí jẹun". Orúkọ ìdílé ike náà ló ń sọ fún yín. 1 ni ike omi àti ẹlẹ́rìndòdò. 2 ni kẹ́ẹ̀gì àti ike ọṣẹ olómi. 3 ni páìpù omi, awọ wáyà iná, àti sílíìnì ike tí gbogbo ayé ń kàn sí pálọ̀ báyìí. 4 ni ọ̀rá tó rọ̀. 5 ni abọ́ oúnjẹ, ìdérí ìgò àti àga ike. 6 ni abọ́ fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí, àti síbí ike tó máa ń dá "kè" mọ́ni lẹ́nu. 7 ni àgbájọ gbogbo àwọn tí kò rí ilé wọ̀.

Ọ̀pọ̀ ike ọjà wa ò ní nọ́ńbà kankan. Fún ìyẹn, ẹ gé etí rẹ̀ bíńtín, ẹ jù ú sínú omi, ẹ fi ìka tì í wọlẹ̀. 2, 4 àti 5 á léfòó; 1, 3 àti 6 á rì. (Èyí tó wú bíi fóòmù nínú 6 á léfòó, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀.) Abọ́ dúdú tí kò ní nọ́ńbà, tó fẹ́ẹ́rẹ́, tí owó rẹ̀ sì pọ́ọ́kú, mi ò kì í rà á fún oúnjẹ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń lọ̀ sínú rẹ̀: àga tó kán, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fọ́, ike ọṣẹ, ohunkóhun tí ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù bá gbé dé. Àwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n, àwọ̀ dúdú nìkan ló sì lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ fi bomi fún adìyẹ.

Ó di orí ike áísìkirímù tó dá ìjà sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, 5 ni. Ike 5 kì í yọ́ títí ooru fi máa dé nǹkan bíi 160°C, ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná gan-an ò sì ju 100°C lọ. Èyí tí kì í mira nìyẹn. Èyí tó ń ká kò, 1 tàbí 6 ni. 1 ti ń rọ̀ láti nǹkan bíi 70°C, 6 á jọ̀wọ́ ara rẹ̀ kí omi tó hó tán. Nítorí náà, tó bá jẹ́ 5, tí inú rẹ̀ ṣì ń dán, tí síbí ò tíì ha á, ẹ lè da ẹ̀kọ sí i. Tó bá ti ha, tó ti funfun níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó lọ máa gba iyọ̀ àti ẹ̀wà gbígbẹ. Ìdérí rẹ̀ tó rọ̀ sábà máa ń jẹ́ 4, ẹ má fi dé oúnjẹ tó ń rú èéfín. Èmi fúnra mi, àwo tánganran ni mo fi ń fún àwọn ọmọ-ọmọ mi lẹ́kọ. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ike ń bà mí. Mo kàn mọ̀ pé ọmọdé ò ní jẹ́ kí abọ́ kankan pẹ́ kó tó ha.

Ike omi, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ráágólísì, ìtàn tirẹ̀ dùn. Ẹ ti rí ìyá alágbo tó da àgbo gbígbóná sínú rẹ̀ rí? Ọrùn ike á fún, ìbàdí rẹ̀ á sún kì, ìdí á yọ síta. Kì í ṣe pé ó yọ́. Nílé iṣẹ́, ike náà kọ́kọ́ jẹ́ ohun kékeré kan tó nípọn, tó gùn bí àtàǹpàkò àgbàlagbà tó sanra, ẹnu ìgò nìkan ló ti pé lára rẹ̀. Wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á nà án, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i títí á fi tóbi tó ìgò, wọ́n á wá mú un tutù lójijì. Bó ṣe nà yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní kété tí ooru bá ti kàn án, á fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Ẹ fi í gbé omi tútù, zobo, ẹ̀pà yíyan tó ti tutù. Ohun gbígbóná, rárá. Aṣọ polísítà tí ẹ wọ̀ lọ sóde ìgbéyàwó, ike yìí kan náà ni wọ́n fà di òwú.

Fíríìsà náà ní tirẹ̀. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti dì jáde, abọ́ 5 ni, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́ yángá bí ìgò. Abọ́ yìí kan náà ni a ti jù mọ́lẹ̀ láìmọye ìgbà tí ohunkóhun ò ṣe é. Bí ike 5 bá ti ń sún mọ́ 0°C, líle rẹ̀ á di ti gíláàsì. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kó sínú yìnyín, ẹ wá 2 tàbí 4.

Ẹ ò bi mí ní ti mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ń sè é sínú ọ̀rá. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Ọ̀rá tó rọ̀, tó ń fà, tí kì í pariwo, 4 ni. Àárín 105°C sí 115°C ló ti ń yọ́, ó sì ti máa rọ̀ dáadáa kó tó dé ibẹ̀. Nínú ìkòkò, oru omi wà ní 100°C. Ẹ wo bí àlàfo tó wà láàárín wọn ṣe kéré tó! Tí omi bá wá gbẹ díẹ̀, tí ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ fara kan ìdí ìkòkò, ó parí. Ẹ ti rí i rí: ibi tó ti lẹ̀ mọ́ mọ́ínmọ́ín, tí ẹ ń fi èékánná ṣí i, tí ẹ ò sì mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ tán. Òróró tó wà nínú ẹ̀wà lílọ̀ náà ò dákẹ́, nítorí òróró máa ń fa àwọn èròjà inú ike jáde ju omi lọ, pàápàá tó bá gbóná. Ọ̀rá tín-ín-rín tó ń dún wàràwàrà lọ́wọ́, 2 ni, òun gba ooru díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ fi sè é. Ewé ẹ̀ẹ́ran ṣì wà lọ́jà. Agolo àti abọ́ irin wà fún ẹni tí kò mọ ewé pọ́n. Àmàlà tí ìyá olónjẹ ń fi ọ̀rá wé bó ṣe ń ti orí iná bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àfi pé ìyẹn kì í pẹ́ kó tó tutù. Ní ti èyí, màmá ló jàre.

Bí a sì ṣe ń pe ọ̀rá ní náílọ́ọ̀nù yìí, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù rárá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni náílọ́ọ̀nù gidi ti kọ́kọ́ wọ ilé èèyàn, lọ́dún 1938. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, òun náà ló sì wà nínú kànìnkànìn alápò tí a fi ń wẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rá ṣáná. Mo mọ̀ pé àdògán ẹlẹ́èédú máa ń ṣòro í tàn, ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan sì ń yanjú rẹ̀ kíá. Èéfín ike tí kò jó tán ni ẹni tó tẹ̀ba síwájú àdògán ń fà símú. Tó bá wá jẹ́ awọ wáyà tàbí páìpù 3 ni wọ́n jó, ásíìdì ló ń bá èéfín yẹn jáde, èyí tó máa ń ta èèyàn lójú àti lọ́fun.

Fídà àwọn ìbejì ńkọ́? Tó bá jẹ́ èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó sì le, tó ti pẹ́ nílé, ẹ wo ìdí rẹ̀. Nínú ìdílé 7, irú kan wà tí èròjà BPA máa ń ti inú rẹ̀ jáde tí wọ́n bá ń sè é, èròjà náà sì máa ń ṣe bí ẹni pé òun ni họ́mọ́ọ̀nù obìnrin nínú ara. Yúróòpù fòfin dè é fún fídà ọmọ lọ́dún 2011, Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2012. Èyí tó jẹ́ 5, tó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ògì, kò ní wàhálà yẹn. Abọ́ fóòmù ìrẹsì, èyí tí ìjọba Èkó fòfin dè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ gbígbóná tó lépo pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ kó o sínú àwo bẹ́ ẹ bá ti délé.

Àga ike tó wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Tó bá yọ lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun, ẹ má jẹ́ kí màmá jókòó lé e. Oòrùn ló ń já àwọn okùn tín-ín-tín tó so ike pọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú yẹn sì ni ẹfun tí wọ́n pò mọ́ ike láti dín owó rẹ̀ kù, tó ti pàdánù ohun tó dì í mú. Kò ní tẹ̀ kó tó kán. Táǹkì omi dúdú kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n pò lúbúlúbú dúdú bí èédú mọ́ ọn, nǹkan bíi 2 sí 3 nínú 100, òun ló ń gba oòrùn dúró.

Ó ku kẹ́ẹ̀gì, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́yìn. Ike 2 ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ìyá alárò wa ní Òṣogbo mọyì rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ da omi kọ́sítíìkì, ìyẹn sódà tó ń jó ara tí wọ́n fi ń ṣe aró, sínú ìkòkò alumíníọ̀mù, á hó yaya, á sì jẹ ìkòkò náà títí á fi lu. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù 2, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ike omi ráágólísì ni kí wọ́n má dà á sí, nítorí kọ́sítíìkì máa ń jẹ ìyẹn, ọmọdé sì lè rò pé omi ni, kó gbé e mu.

Ohun tí kẹ́ẹ̀gì ò lè bá jà ni kẹrosíìnì. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ìyá ni wọ́n: kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló ṣe kẹrosíìnì, àwọn náà ló ṣe kẹ́ẹ̀gì. Kẹrosíìnì ò dúró lórí ara kẹ́ẹ̀gì bí ìdọ̀tí, inú ògiri rẹ̀ ló ń wọ̀, tí á sì máa gbé ibẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi iyanrìn mi ín, ẹ sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan: òórùn rẹ̀ á lọ lónìí, á padà wá lọ́túnla. (Ohun tó jọ èyí ló ń mú kí epo pupa kun abọ́ ike yín ní pípọ́n, àmọ́ oòrùn máa ń fọ ìyẹn kúrò ní tòótọ́, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì péré.) Lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, mo máa ń rí àwọn tó gbé irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ lọ bu omi odò, wọ́n á sì máa sọ pé omi náà ń ta wọ́n ní imú. Bí omi lásán bá ń fa òórùn yẹn jáde, ẹ fojú inú wo ohun tí epo máa fà jáde, epo tó jẹ́ pé òun àti kẹrosíìnì máa ń pò pọ̀ láìjà.

Èyí ló mú mi rántí màmá. Mi ò rò pé wọ́n ti oko wá lọ́wọ́ òfìfo. Bó bá jẹ́ epo pupa ni wọ́n gbé wá, inú kẹ́ẹ̀gì ló máa wà. Ẹ rọra bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rín bi í. Lọ́jọ́ tí epo bá tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀ dé ìdajì, ẹ dé e pa mọ́jú. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dáná, ẹ ṣí i, kí ẹ̀yin àti màmá jọ gbóòórùn rẹ̀.